Kí O Tó Gbé Kámẹ́rà Lọ sí Jámánì

Àgùdà, Sùúrùlérè.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Àkànní, ọkọ mi,

Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, o máa ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," màá sì dákẹ́. Wàá wá rò pé ọkàn mi ti balẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí bálíkónì láti àárọ̀ tí mo ń kọ̀wé bí ọmọ iléèwé. Jọ̀ọ́, wá ibi tó dákẹ́ nínú ilé tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ háyà ní Yábà yẹn, kó o kà á tán kó o tó pè mí.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ọmọ tí mo bí ni iléeṣẹ́ ìròyìn kan ní Jámánì ń pè pé kó wá máa ya fọ́tò fún àwọn! Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ fún ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, ẹni tí kì í gbóríyìn fún ọmọ ọlọ́mọ, òun náà sì ní, "Ẹ kú oríire." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó o ti ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ọ fún mi ni ara ti ń fu mí. Wọ́n á fún ọ ní ilé, o ò ní san nǹkan kan. Wọ́n á fún ọ ní kámẹ́rà tuntun. Obìnrin tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń pè ọ́ ní dárlìn, ẹni tí kò fojú kàn ọ́ rí. Kí ló ń wá? O rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi ọ́. O ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọmọ mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Mo gbé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó bí ọ.

O mọ̀ pé mo ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí o ò mọ̀ ni ohun tó lé mi wálé. Gbogbo ìgbà tó o bá bi mí, mo máa ń sọ pé òtútù ni. Kì í ṣe òtútù. Bàbá rẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ó sì ti bá a lọ. Ó yá, gbọ́ ọ.

Ìgbà yẹn, mi ò ju ìwọ báyìí lọ. Mò ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ijọ́ra nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ya fọ́tò, kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn ìwé ìròyìn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ọ̀gá tó gbà mí níbẹ̀ ń jẹ́ Gírémù. Nínú gbogbo ọ̀gá tí mo ti bá ṣiṣẹ́, òun nìkan ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún mi. Ó máa ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ó mọ orúkọ ìyá mi, ó sì máa ń ní kí n bá òun kí i tí mo bá ń kọ̀wé sílé. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ìyá mi pé mo ti rí bàbá ní ìlú òyìnbó.

Ẹnìkan tún wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló máa ń fọ fíìmù wa nínú yàrá òkùnkùn, òun ló sì máa ń tẹ fọ́tò jáde. Ká ní ìwọ ni, ìwọ náà ì bá fura sí i. Kì í rẹ́rìn-ín. Tí mo bá gbé fíìmù dé, á ní, "Gbé e síbẹ̀." Tí mo bá kí i lédè wa, á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi yẹra fún un.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mú níbí nìyí: má ṣe tìtorí pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ dáadáa sí ọ kó o gbà pé ẹni dáadáa ni. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ jù nígbà tí o ò tíì ṣe nǹkan kan fún un, bi ara rẹ léèrè ohun tó rí lára rẹ.

Nígbà òtútù kan, àwọn obìnrin daṣẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ọsibítù. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, ọmọ Gánà wà níbẹ̀, àwọn ará Ìńdíà àti Jàmáíkà náà wà níbẹ̀. Inú iléeṣẹ́ yẹn gbóná bí ààrò, àwọn ọ̀gá sì máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Ọjọ́ tí ọ̀kan dákú tí wọn ò tètè rí ọ̀nà gbé e jáde ni gbogbo wọn bọ́ síta, tí wọ́n lọ dúró lẹ́nu géètì nínú yìnyín. Àwọn òyìnbó tó lọ yà wọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wọn. Gírémù wá ní kí n lọ. Ó ní, "Wọ́n á ṣí ojú fún ọ." Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Lóòótọ́, wọ́n ṣí ojú fún mi. Ẹni tó ń darí wọn ni Àǹtí Bísí, ọmọ Mushin, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dún dé òpin àdúgbò. Bó ṣe gbọ́ tí mo ń sọ Yorùbá, ó ní, "Ọmọ ilé wa ni ẹ! Wá jẹun kó o tó ya nǹkankan." Ó bu ìrẹsì gbígbóná látinú fúláàsì rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo jẹ tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ya wá o," ó ní. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ojú wa jáde. Àwọn kan ò ní kálí níbí."

O mọ kálí: ìwé ìgbélùú. Ẹni tí kò bá ní in, tí ìjọba bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ òfuurufú ló kù.

Mo dá a lóhùn pé, "Àǹtí, ojú ẹnì kankan ò ní jáde. Mo ṣèlérí fún yín."

Wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jó kí ara wọn lè móoru, wọ́n ń sọ àwàdà, mo sì ń yà wọ́n. Mo ya ojú, mo ya ẹ̀yìn, mo ya ọwọ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Èèyàn máa ń ya púpọ̀ kó tó yan ọ̀kan. Èyí tí mo yàn fún ìwé ìròyìn ni ọwọ́ wọn tí wọ́n fi yí kọ́ọ̀bù tíì ká, pẹ̀lú èéfín tó ń jáde. Kò sí ojú kankan níbẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n so ìwé ìròyìn náà mọ́ ọgbà iléeṣẹ́, inú wọn dùn. Èmi náà rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn níkọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò ní kálí ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀, títí kan àwọn tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú lọ ká ọmọ Gánà kan tó ń jẹ́ Àmá mọ́lé, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú dá a padà sí Gánà pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ọmọ yẹn tó tún rí ìyá rẹ̀.

Àǹtí Bísí wá bá mi nílé. Kò jókòó. Yìnyín wà ní èjìká rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù.

"Fọláṣadé, èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Fún kí ni, Àǹtí?"

"Àmá ò jẹ́ kí òyìnbó kankan ya òun. Ìwọ nìkan ló yà á. Ìwọ nìkan! Èló ni?"

Mo sunkún, mo búra. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó wọlé tí kò kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe ìwọ, wá ẹni tó ṣe é." Ó sì lọ.

Fíìmù kankan kì í jáde lọ́wọ́ mi àyàfi kó bọ́ sọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì. Nítorí náà òun ni mo dojú kọ. Mo bá a nínú yàrá òkùnkùn, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ fi fọ́tò mi hàn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi Yorùbá dá mi lóhùn. "Èmi lò ń fura sí?"

"Gbogbo yín ni mò ń fura sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n o ò tíì fura sí ẹni tó ń po tíì fún ẹ." Ó pòṣé, ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sí mi. "Fọ èyí tó kàn fúnra ẹ. Èmi ò ní wọbẹ̀. Kó o lè mọ ibi tó gbà."

Mi ò gba òun náà gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo lọ bẹ Àǹtí Bísí. Ó ní àbúrò kan, Kíkẹ́, nọ́ọ̀sì ni, ó ní kálí, kò sì ṣiṣẹ́ rí nílé ìfọṣọ yẹn. Mo ní kí Kíkẹ́ wé gèlè òféèfèé, kó wá dúró láàárín wọn, kí n yà á. Àǹtí Bísí wò mí títí. "Tí èyí náà bá bàjẹ́, má pè mí ní Àǹtí mọ́ láyé ẹ." Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní òun á ṣe é.

Mo ya Kíkẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi fọ fíìmù náà, mo tẹ fọ́tò náà jáde, mo gbé e lé Gírémù lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹnì kankan ò tíì rí i, sà." Ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Ó sì po tíì fún mi. Mo mu ún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà kò tíì parí tí ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́ ìfọṣọ fi jáde sí àwọn obìnrin lẹ́nu géètì, tó ń fi fọ́tò kan hàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Ta nìyí? Níbo ló ń gbé? A ò rí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa." Kíkẹ́ ni, pẹ̀lú gèlè òféèfèé lórí. Fọ́tò tí ojú ẹni méjì péré rí, èmi àti Gírémù.

Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ojú àwọn obìnrin yẹn fún wọn?"

Àkànní, ọkùnrin yẹn ò tijú. Ó ní, "Oníbàárà ni wọ́n. Ìwé ìròyìn ń ra fọ́tò lọ́wọ́ wa, àwọn náà ń rà. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Gbogbo ohun tó o bá yà, tiwa ni. O fọwọ́ sí i. Ta ló ní kó o máa fi ohun tí kì í ṣe tìẹ ṣèlérí?"

Fíìmù àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú kámẹ́rà lọ́rùn mi. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà níwájú rẹ̀, mo fa fíìmù náà yọ gbọọrọ, mo nà án sí ojú fèrèsé. Fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn báyẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n jáde, kí n má padà wá mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mú kóòtù mi dání. Ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé. Kóòtù náà wúwo. Ó ní, "Òtútù wà níta. Dì í dáadáa, má ṣí i títí wàá fi délé." Nígbà tí mo délé, gbogbo fíìmù àwọn obìnrin yẹn tó kù ní iléeṣẹ́ ló wà nínú àpò rẹ̀. Wọ́n lé òun náà lẹ́yìn mi.

Mo kó wọn lọ sílé Àǹtí Bísí. A jọ fi sísọ́ọ̀sì gé wọn lórí tábìlì kíṣìnnì rẹ̀, èmi àti òun. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbèjà wọn, iléeṣẹ́ náà gba díẹ̀ nínú wọn padà, wọ́n sì ṣíwọ́ títi ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọn ò gba Àǹtí Bísí. Ó gbà pé mi ò tà wọ́n. Ó máa ń dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n kò bu oúnjẹ fún mi mọ́. Ìgbà tí mo rí i pé kò ní bu ú mọ́ láéláé ni mo di ẹrù mi, mo wálé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Àgùdà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni mo fi tọ́ ọ.

Ó yá, wá gbọ́ ohun tí mo ní kó o ṣe. Mi ò tò ó dáadáa, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́.

Béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló lè ra fọ́tò rẹ yàtọ̀ sí àwọn oníròyìn. Ṣé ọlọ́pàá lè rà á? Ṣé iléeṣẹ́ tó ń bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ jà lè rà á? Tí wọ́n bá ní kó o má da ara rẹ láàmú, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti da ara rẹ láàmú. Èmi ní fíìmù tí mo lè fà yọ. Ìwọ kò ní. O ti fi hàn mí bí fọ́tò ṣe máa ń ti inú kámẹ́rà rẹ lọ tààrà, kó o tó gbé e kúrò lójú. Mo bi ọ́ pé ta ló ń gbà á lọ́hùn-ún, o ní, "Sáfà ni, Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ńlá kan ni." Ta ni sáfà? Ṣé kò ní ọ̀gá ni? Mo sì ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tó máa wo ojú ẹnìkan láàárín èrò, táá sì dárúkọ rẹ̀. Gírémù ò ní ìyẹn, wo ohun tó ṣe.

Èyí tó bá yẹ kó o má yà, má yà á rárá. Má sọ pé, "Màá yà á, mi ò ní lò ó." Èmi sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé tí wọ́n fẹ́ fún ọ, béèrè ẹlòmíì tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù rẹ, má fi fún ẹnì kankan pé kó bá ọ tọ́jú rẹ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀.

Tó o bá rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àlejò nìkan ni wọ́n ń rán ọ lọ, dúró kó o ronú. Ó lè jẹ́ awọ ara rẹ ni wọ́n gbà síṣẹ́, torí ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún un.

Ẹni tó bá le mọ́ ọ níbẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín, fura sí òun náà. Ṣùgbọ́n fún un láyè kó fi ara rẹ̀ hàn. Mi ò mọ ibi tí Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì wà báyìí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ó ku ohun kan, mi ò mọ bí wàá ṣe gbà á.

Fọ́tò obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìwáyà, èyí táwọn ará Jámánì rí tí wọ́n fi pè ọ́, mo ní in lórí fóònù mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìwáyà. Mo ń fi hàn àwọn èèyàn títí wọ́n fi mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Sẹ̀námì ni wọ́n ń pè é. Ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi. Mi ò sọ pé èmi ni ìyá rẹ.

Mo ní, "Ẹ mọ ọmọkùnrin tó ya yín báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n! Ọmọ dáadáa. Ó bá mi gbé agbọ̀n ẹja. Ó ní iṣẹ́ iléèwé lòun fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun á mú tèmi wá."

"Ṣé ó ti mú un wá?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná. "Ẹ bá mi kí i tẹ́ ẹ bá rí i."

Àkànní, iléèwé? Mi ò lè sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti dé Jámánì. Mo ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wálé, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọlọ́run tó mú mi padà wálé láìfarapa á ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kó o tó lọ fọwọ́ sí ohunkóhun, lọ sí Ìwáyà. Tẹ fọ́tò náà kó tóbi dáadáa, mú un lọ fún un. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kó o sọ ibi tí ojú rẹ̀ dé fún un, kó o sì bi í bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá ní òun ò gbà, kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́, bí iṣẹ́ náà bá tiẹ̀ máa torí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Má pè mí pé o ti lọ sí Ìwáyà. Mo ti gba nọ́ńbà fóònù Ìyá Sẹ̀námì. Òun ni màá bi.

Èmi tó bí ọ,
Fọláṣadé, màmá rẹ.